Iná Ilé Bàbá Làsísì

Bí ẹ bá sọ fún ìyá tó bí ìyá mi pé ẹ débì kan, wọn kò ní bi yín bóyá ọ̀nà dára, wọn kò sì ní bi yín bóyá ẹ jẹun. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ní: "Ta lo bá níbẹ̀?" Ọjọ́ tí mo sáré wálé wá sọ fún wọn pé mo ti wọlé sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ìjagun, oríkì ni mo ń retí. Wọn kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò nínú agbada gàrí tí wọ́n ń yan. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè wọn. Mo ní mo bá àwọn olùkọ́, mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣáájú mi, mo sì bá ìyá kan tó ń ta àkàrà lẹ́nu géètì. Wọ́n ní ṣé mo kí ìyá alákàrà? Mo ní rárá, kí ló kàn mí kàn án? Ìgbà yẹn ni wọ́n tó wo ojú mi. "Bó o bá padà, lọ kí i. Ẹni tó débì kan tí kò kí ẹni tó bá, olè ni wọ́n ń pè é."

Mo lọ kí ìyá alákàrà. Mo mọ̀ pé tí mi ò bá lọ, wọ́n á tún bi mí.

Màmá Ìdó la ń pè wọ́n. Ṣẹ̀gilọlá ni orúkọ tí òbí wọn sọ wọ́n, àmọ́ mi ò mọ ẹni tó láyà láti fi pè wọ́n. Ìdó-Agbáyun ni abúlé wọn, ní ìhà Ayépé, níbi tí mọ́tò ti máa ń já èèyàn sílẹ̀ lójú títì kí èèyàn tó fẹsẹ̀ rìn wọgbó lọ. Ìjẹ̀bú-Òde ni ìyá mi ń gbé, ṣùgbọ́n kò sí ọlidé tí wọn kì í kó wa lọ sọ́dọ̀ Màmá. Ní báyìí tí Màmá ti lọ, àwọn èèyàn ń bi mí pé irú ẹni wo ni wọ́n. Mi ò lè to ìgbésí ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi kò ju ìwọ̀nba ohun tí mo fojú rí àti ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn lọ. Ìjẹ̀bú tó ki ni wọ́n sì ń sọ. Èmi ló tún un sọ lọ́nà tí gbogbo wa á fi gbọ́, adùn rẹ̀ ti dín kù, ẹ má bínú.

Màmá kò ga rárá, ohùn wọn ló ga. Tí wọ́n bá ń bá èèyàn jà ní ìdí agbada, àwọn tó wà létí odò á ti mọ ẹ̀ṣẹ̀ onítọ̀hún kó tó débẹ̀. Wọ́n bá alágbàfọ̀ jà nítorí ọ̀nà odò, wọ́n bá àwọn tó ń lọ ẹ̀gẹ́ jà, wọ́n bá bàbá ìjọ jà nítorí pé ìwàásù rẹ̀ gùn jù tí gàrí òun sì ń jóná nílé. Tí ìjà bá parí, ó parí nìyẹn, wọ́n á fi ewé di gàrí ránṣẹ́ sí ẹni tí wọ́n bá jà. Ìjà kan ṣoṣo ni wọn kò jẹ́ kó parí, ìjà iná ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí èmi gan-an kò tètè yé mi. Ní Ìdó-Agbáyun, ẹni tó bá kọ́lé tuntun, tàbí ìyàwó tuntun tó fẹ́ dáná àkọ́kọ́ nílé ọkọ rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ṣáná. Àpáàdì ni yóò mú lọ́wọ́, yóò lọ sí ilé Bàbá Làsísì tó wà lẹ́bàá odò. Yóò dúró níta, kò ní wọlé, kò ní kí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó wà nínú ilé á bi í pé, "Ta nì yẹn o?" Òun náà á dáhùn pé, "Àlejò ni. Iná ni mo wá tọrọ." Wọ́n á ní kó wọlé, wọ́n á fi ẹyín iná sínú àpáàdì fún un, òun náà á sì rọra gbé e lọ sílé tuntun kó má baà kú lójú ọ̀nà. Bó bá kú, á tún padà lọ dúró níta, á tún sọ ọ̀rọ̀ kan náà.

Ìṣáná kì í wọ́n létí ìró Màmá, torí iṣẹ́ gàrí. Àmọ́ bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹnì kan fi ìṣáná dá iná àkọ́kọ́ nílé tuntun, wàhálà dé.

Ta wá ni Bàbá Làsísì tí a ń lọ tọrọ iná lọ́wọ́ wọn? Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa nìyẹn, a ò bi í. Ẹni tó ń hun ẹní ni Bàbá Làsísì, onírẹ̀lẹ̀, ẹni tí ń kírun, tí kì í gbé ohùn sókè. Àwọn ará ilé wọn kò pọ̀, òrùlé wọn sì ti jẹ́ àbùlẹ̀. Ilé tiwa, ilé Àkànó, ló tóbi jù lábúlé. Àwa là ń jẹ Baálẹ̀. Ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ pàápàá mọ̀ pé Àkànó ọdẹ ni bàbá ńlá wa, òun ló sì tẹ ìlú dó nígbà tí gbogbo ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó kìjikìji. Mo bi ìyá mi nígbà kan pé kí ló dé tí a kì í lọ gbé iná nílé Baálẹ̀, wọ́n ní bóyá nítorí pé ilé Bàbá Làsísì súnmọ́ omi. Àlàyé burúkú ni, àmọ́ mo gbà á.

Ọkùnrin kan ṣoṣo ni Màmá bí, Bọ̀ọ̀dá Rẹ̀mí, ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Hẹdimásítà ni wọ́n, èèyàn dáadáa tó fẹ́ràn ìlú. Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù sí Ìdó, wọ́n gbé sítóòfù wá láti Ìjẹ̀bú-Òde, aya wọn sì se ìrẹsì tó ń ta sánsán. Màmá jókòó sí fàráńdà, wọn kò wọlé, wọn kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Bọ̀ọ̀dá Rẹ̀mí bẹ̀ wọ́n títí, ó sú wọn, wọ́n ní kí aya wọn lọ gbé iná ọ̀hún wá kí Màmá lè jẹun. Báyìí ni ìyàwó hẹdimásítà fi bàtà gogoro rìn lọ sẹ́bàá odò pẹ̀lú àpáàdì. A tẹ̀ lé e, à ń rẹ́rìn-ín. Ó dúró níta, ó sọ pé àlejò ni òun, iná ni òun wá tọrọ. Nígbà tó padà dé, Bọ̀ọ̀dá Rẹ̀mí ti rẹ́rìn-ín débi tí omijé fi bọ́ lójú wọn. Màmá fọwọ́ bu ìrẹsì. "Máa rẹ́rìn-ín," ni wọ́n wí. "Ẹnu ìyàwó rẹ ti sọ ọ́."

Kò sí ẹni tó bi wọ́n pé kí ni ẹnu ìyàwó náà sọ.

Ọdún kan, nígbà Ìkórè, Bọ̀ọ̀dá Rẹ̀mí kọ́ àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ní eré nípa bí Àkànó ṣe dé. Ọmọ tó ṣe Àkànó fi igi ṣe ìbọn, ó dúró níwájú ìjọ, ó ní òun ti dé igbó tí ẹsẹ̀ èèyàn kan kò tíì tẹ̀ rí. Màmá dìde láàárín ìjọ. Wọ́n ní, "Ta lo bá níbẹ̀?" Ọmọ náà wo hẹdimásítà, ó wo Màmá. Ó ní òun kò bá ẹnì kankan, mà. Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín, torí gbogbo wa la mọ ìbéèrè Màmá. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí débi pé mo tẹ orí mọ́ ìwé orin. Lójú ọ̀nà ilé mo bi wọ́n kí ló dé tí wọ́n fi dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n ní, "Mi ò bá ọmọ yẹn wí. Ẹni tó kọ́ ọ ni kò bèèrè kó tó kọ́ ọ."

Àsìkò tí àwọn sójà ń gbé gbogbo èèyàn jáde láti gbálẹ̀ ní Sátidé ni mo wá mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìjagun ni mo ti wá sí Ìdó fún ìparí ọ̀sẹ̀. Màmá ní kí n mú àdá, kí a lọ ro ẹ̀yìn ilé Bàbá Làsísì fún wọn, torí àtẹ́lẹwọ́ ń dun bàbá náà. Nígbà tí a ro dé ìdí igi agbáyun kan, àdá mi kọlu òkúta. Màmá ní kí n dúró. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ gbá ewé gbígbẹ kúrò, mo sì rí òkúta mẹ́ta tí ilẹ̀ ti gbé mì dé ìdajì, tí ojú tí wọ́n kọ síra wọn dúdú bí ìdí ìkòkò. Ààrò ni. Wọ́n ní kí n fọwọ́ kàn án. Mo fọwọ́ kàn án.

Wọ́n wá sọ fún mi. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ẹfúnkẹ́ ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ìhà Ìbefun ló ti wá, nígbà tí wọ́n lé e jáde nílé ọkọ nítorí pé àwọn ọmọ rẹ̀ ń kú. Kò mú ohun kan dání ju iná nínú àpáàdì, ó ń ṣẹ́ igi sí i bó ti ń rìn kó má baà kú. Ibi tó ti rí odò àti ọ̀pẹ ló jókòó sí. Ó tẹ́ òkúta mẹ́ta, ó ń fọ epo, òun nìkan nínú igbó. Lọ́jọ́ kan tí òjò pa iná ọdẹ kan, ọdẹ náà rí èéfín, ó tẹ̀ lé e. Àkànó nìyẹn. Ebi ń pa á, òtútù ń mú un. Ẹfúnkẹ́ bèèrè pé ta ni. Ó ní àlejò ni, iná ni òun wá tọrọ.

Ẹfúnkẹ́ fún un ní iná. Lẹ́yìn náà, ó tún fún un ní ilẹ̀ ní òdìkejì odò. Àkànó pe àwọn àbúrò rẹ̀, àwọn náà pe àna wọn, wọ́n pọ̀ ju obìnrin náà lọ láìpẹ́. Wọ́n fẹ́ máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún un, ó ní òun kò gba iṣu, òun kò gba ẹran. Ó ní kí ẹni tó bá máa dáná nílẹ̀ yìí máa wá gbé e lọ́wọ́ òun, kí ó sì máa sọ ohun tí ẹni àkọ́kọ́ sọ. Ìran ọmọ tó wá bí níbẹ̀, tí kò kú, ni ilé Bàbá Làsísì. Ó mọ̀ pé wọ́n á gbàgbé òun. Ó wá fi ọ̀rọ̀ náà sí ẹnu wọn, kí ẹnu lè máa sọ ọ́ nígbà tí ọkàn bá ti gbàgbé.

Ẹ wò ó, mo jókòó sórí koríko. Mo ti gbé iná yẹn fún ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó ṣègbéyàwó. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Gbogbo wa ti sọ ọ́, a sì padà sílé lọ máa pe ara wa ní onílẹ̀. Mo bi Màmá pé kí ló dé tí wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ yìí. Wọ́n ń nu ọwọ́ wọn létí ìró. "Ta ló bi mí? Èmi ni mò ń bi yín."

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Baálẹ̀ kú. Ilé tó kọ́kọ́ dó ní í jẹ oyè, ilé Àkànó sì fọwọ́ sí Bọ̀ọ̀dá Rẹ̀mí. Ìdílé ìyá ni wọ́n ti fẹ́ jẹ ẹ́, kò sì sí èèwọ̀ níbẹ̀, ọmọ obìnrin ní ẹ̀tọ́ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Àwọn àgbà abúlé mẹ́ta tó yí wa ká máa ń wá jókòó, kí ẹni tó dàgbà jù nínú ilé tó fẹ́ jẹ oyè sọ bí ìlú ṣe dó, kí wọ́n tó mú orúkọ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹni tó dàgbà jù nílé Àkànó ni Màmá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, Bọ̀ọ̀dá Rẹ̀mí wá bá wọn nídìí agbada. Èmi ló ń fẹ́ iná. Màmá sọ ìtàn Ẹfúnkẹ́ fún wọn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sọ ọ́ fún mi. Bọ̀ọ̀dá Rẹ̀mí kò bá Màmá jiyàn. Wọ́n ní Bàbá Làsísì kò bèèrè oyè, kò sí ẹni tí yóò pàdánù. Wọ́n ní àwọn fẹ́ la ọ̀nà mọ́tò wọ abúlé, àwọn fẹ́ gbẹ́ kànga, àwọn fẹ́ kí àwọn obìnrin má kú lójú ọ̀nà Ayépé mọ́ tí ọmọ bá ń mú wọn. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀, mo sì ń gbàdúrà nínú ọkàn mi pé kí Màmá gbà. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú èéfín, pẹ̀lú ṣòkòtò funfun. "Màmá, gbólóhùn kan péré ni. Ẹ ṣáà sọ pé Àkànó ló tẹ̀ ẹ́ dó. Mi ò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ yín rí."

Màmá ní kí wọ́n dìde. Wọ́n bá wọn gbọn eérú kúrò ní ṣòkòtò, bí ìyá ṣe ń ṣe fún ọmọ kékeré. "Rẹ̀mí, ohun rere ni gbogbo ohun tó o sọ. Ṣe é fún wọn. Ẹni tó fẹ́ gbẹ́ kànga kò ní láti kọ́kọ́ jẹ Baálẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, yàrá ìkàwé kan nílé ìwé abúlé kún, àwọn èèyàn dúró lójú fèrèsé. Bàbá Làsísì jókòó sẹ́yìn pátápátá, lórí ẹní. Àgbà tó ń ṣe alága ní kí Màmá sọ fún àwọn bí Ìdó-Agbáyun ṣe dó. Màmá dìde, wọ́n gbá ìró mọ́ra, wọn kò sọ ìtàn kankan. Wọ́n ní kí gbogbo obìnrin tí wọ́n fẹ́ wọ ilé Àkànó dìde dúró. Aga ń dún, ẹsẹ̀ ń dún, wọ́n dìde, àgbà àti ọmọge, ìyàwó Bọ̀ọ̀dá Rẹ̀mí náà wà láàárín wọn. Màmá ní, "Ọjọ́ tí ẹ lọ gbé iná nílé Làsísì, wọ́n bi yín pé ta nì yẹn. Kí lẹ sọ?"

Gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọmọ ilé ìwé, wọn kò tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ: "Àlejò ni. Iná ni mo wá tọrọ."

Mo wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà la gbọ́ ohun tí a ti ń fi ẹnu ara wa sọ. Màmá ní ọmọ ilé Àkànó ni òun, òun náà ti sọ ọ́. Wọ́n ní, "Bó bá jẹ́ àwa la kọ́kọ́ dé, ta là ń pe ara wa ní àlejò fún?" Wọ́n wá sọ orúkọ Ẹfúnkẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà bèèrè bóyá a lè sọ pé obìnrin ló tẹ ìlú dó. Màmá yíjú sí i. "Ẹni a bá lábà ni baba, ìbáà jẹ́ obìnrin."

Ẹ̀rù wọn bà mí lọ́jọ́ náà, mo sọ ọ́ bó ti rí. Ìyá kúkurú tó ń yan gàrí ló dúró sáàárín yàrá yẹn, tó mú oyè lórí ọmọ rẹ̀ tó sì gbé e fún ẹlòmíràn. Bọ̀ọ̀dá Rẹ̀mí dé fìlà wọn, wọ́n jáde. Lẹ́yìn náà, nígbà tí gbogbo nǹkan parí, Bàbá Làsísì jẹ Baálẹ̀. Wọ́n sunkún lọ́jọ́ náà, wọ́n sì padà sídìí ẹní tí wọ́n ń hun.

Bọ̀ọ̀dá Rẹ̀mí ti ilé búlọ́ọ̀kù wọn pa, wọ́n kó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí ìyá wọn, àmọ́ ẹsẹ̀ wọn kò tẹ Ìdó mọ́. Gbogbo Kérésì ni Màmá ń se oúnjẹ wọn sọ́tọ̀, tí alẹ́ bá lẹ́ wọ́n á ní ká jẹ ẹ́. Mo ti gbọ́ tí wọ́n dá pe orúkọ ọmọ wọn nídìí agbada nígbà tí wọ́n rò pé mi ò sí nítòsí. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n kábàámọ̀. Wọ́n ní, "Ó ń dùn mí. Gbogbo ohun tó ń dunni kọ́ ni a ṣe ní àṣìṣe."

Nígbà ọyẹ́ ni wọ́n sùn tí wọn kò jí. Bọ̀ọ̀dá Rẹ̀mí wá sin wọ́n, wọ́n jókòó láàárín àwọn àlejò tó bá wọn wá láti Ìjẹ̀bú-Òde, wọn kò wo ìhà tí Baálẹ̀ jókòó sí. Lẹ́yìn ìsìnkú, a gbá eérú ààrò Màmá dànù gẹ́gẹ́ bí àṣà, torí tí obìnrin tó ni ààrò bá kú, iná rẹ̀ bá a lọ, ọmọ tí yóò jogún ilé ni yóò lọ gbé tuntun wá. Ọmọkùnrin ló ni ilé, àmọ́ ta ni yóò sọ fún wọn? Ìyá mi mú àpáàdì, wọ́n fẹ́ máa lọ. Bọ̀ọ̀dá Rẹ̀mí dìde láàárín àwọn èèyàn wọn, wọ́n gba àpáàdì náà lọ́wọ́ ìyá mi, wọ́n bọ́ bàtà sílẹ̀, wọ́n kọjú sí ọ̀nà odò.

A tẹ̀ lé wọn lọ́ọ̀ọ́kán, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Iwájú ilé ni Bàbá Làsísì ti ń hun ẹní, wọ́n sì rí ẹni tó ń bọ̀. Wọ́n gbé ẹní sílẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí ìbéèrè lè jáde wá bó ti yẹ.

"Ta nì yẹn o?"

Bọ̀ọ̀dá Rẹ̀mí dúró pẹ̀lú àpáàdì lọ́wọ́. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀ débi tí ìyá mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Àlejò ni," ni wọ́n wí. "Iná ni mo wá tọrọ."

Bàbá Làsísì ṣílẹ̀kùn, wọ́n ní kí wọ́n wọlé.